Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kíkọ láíbìrì ọ̀rọ̀ Yorùbá ní èdè Haskell

Àwa Yorùbá tí a ń kọ kóòdù ní Abuja, láti Kubwa títí dé Lugbe, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìlọrin, Lọ́kọ́ja àti Kaduna, ni a jọ ń kọ láíbìrì kan tí yóò máa tọ́jú ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ó ti yẹ nínú èdè Haskell. Àwọn ìbéèrè tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa máa ń bi wá jù ni a kó jọ síbí. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á: kọ̀ǹpáílà mọ irú dátà dunjú, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Ìmọ̀ èdè tí ó wà lórí wa, àwa ni a gbọ́dọ̀ kó o sínú irú dátà, kí kọ̀ǹpáílà tó lè bá wa ṣọ́ ọ.

Kí ni Haskell, kí sì ni GHC?

Haskell jẹ́ èdè kọ̀ǹpútà tí ó fi fáǹkṣọ̀n ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tí ó dá a sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò ní 1987, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1990, Haskell Curry, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. GHC ni kọ̀ǹpáílà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ń lò fún un lónìí. Yunifásítì Glasgow ní Scotland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Simon Peyton Jones àti Simon Marlow sì wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. A yàn án nítorí pé ó jẹ́ kí a lè kọ òfin kan sínú irú dátà, kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá lo láíbìrì wa má sì lè rú òfin náà láìjẹ́ pé kọ̀ǹpáílà dá a dúró.

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo rí nínú «ẹ̀kọ́». Kí ló dé tí length fi sọ pé márùn-ún ni?

Fáǹkṣọ̀n length kì í ka lẹ́tà. Àwọn àmì tí Unicode fún ní nọ́ńbà ni ó ń kà. Lẹ́tà «ẹ» ní nọ́ńbà tirẹ̀, 7865, «ọ» sì ní 7885. Ṣùgbọ́n Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún «ẹ̀» tàbí «ọ́»: a gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà náà, kí a sì fi àmì ohùn tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àmì mìíràn, 768 fún ohùn ìsàlẹ̀ àti 769 fún ohùn òkè. Nípa bẹ́ẹ̀, «ẹ̀kọ́» di 7865, 768, k, 7885, 769, márùn-ún sì ni lóòótọ́. Bí ẹ bá lo Data.Text (tí a ń fi T pè ní kúkúrú) dípò String, ìdáhùn kan náà ni T.length yóò fún yín.

Ìyẹn ṣì rọrùn. Ohun tí ó le jù ni pé «ọ̀» kan náà, tí ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí, ni a lè kọ ní ọ̀nà mẹ́rin. Ó lè jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì ohùn, èyí tí Haskell yóò fi hàn bí "\7885\768". Ó lè jẹ́ o lásán, àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àmì ohùn: "o\803\768". Ó lè jẹ́ o, àmì ohùn, kí àmì ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e: "o\768\803". Ó sì lè jẹ́ ò tí ó ti ní àmì ohùn lára tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀: "\242\803". Bọ́tìnnì tí a tẹ̀ lórí fóònù, ohun èlò ìtẹ̀wé orí kọ̀ǹpútà, fáìlì tí a dà kọ láti inú PDF, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní èyí tí ó máa ń lò. Bí ẹ bá fi == wé wọn, False ni Haskell yóò sọ, kò sì ṣe àṣìṣe kankan, nítorí pé àtòpọ̀ nọ́ńbà tí ó yàtọ̀ síra ni a fi síwájú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìṣòro yìí fi máa ń pẹ́ kí ó tó hàn síta ní àríwá níbí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń fi Hausa dán kóòdù wò kì í bá a pàdé, nítorí pé ɓ, ɗ àti ƙ ní nọ́ńbà ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú Unicode, a kì í sì í kọ àmì ohùn sórí Hausa nínú ìwé ojoojúmọ́. Fáǹkṣọ̀n tí ó bá yege fún Hausa ní Kaduna lè ṣubú lọ́jọ́ tí a bá fún un ní orúkọ ará Kàbà kan tí a kọ pẹ̀lú àmì pípé.

Ojútùú rẹ̀ ni kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìrísí kan ṣoṣo kí a tó ṣe ohunkóhun sí i. Ìrísí tí Unicode ń pè ní NFC ni a yàn. Láíbìrì unicode-transforms, tí wọ́n fi Haskell nìkan kọ, ní fáǹkṣọ̀n normalize nínú Data.Text.Normalize, bí a bá sì fi NFC pè é, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn yóò padà di "\7885\768". Kíka lẹ́tà gan-an ni iṣẹ́ tí ó kù lẹ́yìn ìyẹn: a óò fo àwọn àmì ohùn, a óò sì ka «gb» sí lẹ́tà kan nítorí pé lẹ́tà kan ni ó jẹ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa tí ó ní lẹ́tà 25. «Agbádá» jẹ́ lẹ́tà márùn-ún fún Yorùbá, length yóò sì sọ pé mẹ́fà ni kódà lẹ́yìn tí a bá ti fi NFC tún un ṣe. Kò sí ewu nínú pípa g àti b pọ̀ báyìí, nítorí pé kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀ lé ara wọn nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ó bá yẹ̀ lórí n àti m tí ó ní ohùn tirẹ̀. Orúkọ àjèjì nìkan ni ó lè da èyí rú.

Kí ló dé tí print fi ń fi nọ́ńbà hàn mí dípò ọ̀rọ̀?

Nítorí pé print ń kọ́kọ́ gba inú show kọjá, show sì ń kọ ohun gbogbo bí ìgbà tí a fẹ́ dà á padà sínú kóòdù Haskell, nítorí náà gbogbo àmì tí kò sí nínú ASCII ni ó ń sọ di nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ yín kò bàjẹ́. Ẹ lo putStrLn, tàbí T.putStrLn bí ó bá jẹ́ Text.

Bí putStrLn náà bá kọ̀, tí ó ń sọ pé "invalid argument" tí ó sì ń tọ́ka sí àmì kan tí kò lè kọ, ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ni ìṣòro wà. GHC máa ń ka fáìlì kóòdù ní UTF-8 nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ètò tí ó bá kọ jáde ń tẹ̀ lé ìtò èdè tí kọ̀ǹpútà tàbí sáfà ní. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí Docker, ìtò yẹn kò ju ASCII lọ. Ẹ fi LANG=C.UTF-8 sí i, tàbí kí ẹ kọ hSetEncoding stdout utf8 sí ìbẹ̀rẹ̀ main. Fún fáìlì, láti ẹ̀dà 2.1 ni text ti ní Data.Text.IO.Utf8, tí kì í wo ìtò kọ̀ǹpútà rárá, òun ni a sì ń lò nínú láíbìrì wa.

Ṣé mo lè fi àmì ohùn sí orúkọ fáǹkṣọ̀n?

Ẹ lè ṣe é. GHC òde òní gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn sínú orúkọ, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ àmì ohùn ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Ó mọ̀ pé Ẹ jẹ́ lẹ́tà ńlá, nítorí náà Ẹ̀kọ́ lè jẹ́ orúkọ irú dátà, ẹ̀kọ́ sì lè jẹ́ orúkọ fáǹkṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpáílà kì í sọ orúkọ di NFC. Bí ẹni tí ó wà ní Lọ́kọ́ja bá kọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ẹni tí ó wà ní Gwarinpa sì fi o àti àmì ìsàlẹ̀ tẹ tirẹ̀, orúkọ méjì ni fún GHC. Yóò sọ pé orúkọ náà kò sí, ó sì ṣeé ṣe kí ó dábàá orúkọ mìíràn tí ó jọ ọ́, tí ẹ ó sì wo méjèèjì títí, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Nítorí èyí ni a fi ń gba gbogbo fáìlì kọjá nínú uconv -x any-nfc kí a tó fi wọ́n ránṣẹ́ sínú git.

Orúkọ module ń di orúkọ fáìlì, àwọn ètò ìtọ́jú fáìlì kan sì ń yí àmì padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bí HFS+ ti máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà Mac àtijọ́. Nítorí náà, ìpinnu wa ni pé orúkọ module àti orúkọ tí a bá gbé jáde fún aráyé kò ní ní àmì, kí ẹni tí kò ní bọ́tìnnì Yorùbá lè tẹ̀ wọ́n. Nínú kóòdù tí kò jáde síta, ẹ lo àmì bí ó ti wù yín. Nínú ìwé àlàyé tí Haddock ń ṣe, àmì pípé jẹ́ dandan. Mo gbà pé a kò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde fún èdè Yorùbá, kí àlàyé ara rẹ̀ wá jẹ́ Yorùbá tí kò lámì.

Kí ló dé tí ẹ kò fi lo Text lásán? Kí ni Oro wà fún?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo láíbìrì náà rọ̀ mọ́. Text lè gbé ọ̀rọ̀ tí a ti sọ di NFC, ó sì lè gbé èyí tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Kò sí ohun tí ó fi ìyàtọ̀ wọn han kọ̀ǹpáílà. Bí a bá gbà pé kí olúkúlùkù máa rántí pè normalize fúnra rẹ̀, ọjọ́ kan ni ẹnì kan yóò gbàgbé, tí ẹni tí ń wá «Ọlá» nínú àkójọ orúkọ kò sì ní rí i. A wá dá irú dátà kan sílẹ̀:

newtype Oro = Oro Text deriving Eq

daOro :: Text -> Oro
daOro = Oro . normalize NFC

Module náà ń gbé irú Oro jáde pẹ̀lú daOro àti siText (tí ó ń sọ Oro padà di Text), ṣùgbọ́n kò gbé ẹ̀rọ tí ń dá Oro sílẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní Oro lọ́wọ́ ní láti jẹ́ pé ọwọ́ daOro ni ó ti gbà á. Fífi ẹ̀rọ yẹn pamọ́ ń dí ọ̀nà mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í rántí: fáǹkṣọ̀n coerce, tí ó lè sọ Text di Oro láìṣe iṣẹ́ kankan, kì í ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ newtype náà kò bá ti hàn. Bákan náà, coerce kò lè sọ Map Text di Map Oro, kódà níbi tí ẹ̀rọ náà ti hàn, nítorí pé ìtò inú Map (àkójọ tí a fi kọ́kọ́rọ́ ń wá nǹkan nínú rẹ̀) dúró lórí Ord, kíláàsì tí ó ń sọ èyí tí ó ṣáájú, ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àwọn tí ó kọ containers, láíbìrì tí Map wà nínú rẹ̀, sì ti sọ fún GHC pé kí ó má gbà á láyè.

Àwọn tí ó ti mọ Haskell yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò fi jẹ́ kí GHC bá wa kọ Semigroup, kíláàsì tí ó ń sọ bí a ṣe ń so nǹkan méjì pọ̀, fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àfikún GHC tí ń jẹ́ GeneralizedNewtypeDeriving. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ NFC lọ́kọ̀ọ̀kan lè má jẹ́ NFC mọ́ bí a bá so wọ́n pọ̀. Bí "o" bá parí ti àkọ́kọ́, tí "\803" sì bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ohun tí a óò rí ni o àti àmì ìsàlẹ̀ tí wọ́n jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí NFC fẹ́ 7885 kan ṣoṣo. GHC yóò gba ìkọ̀wé yẹn láìkìlọ̀, nítorí pé irú dátà bára mu. Àwa ni a mọ̀ pé kò bára mu. A fọwọ́ ara wa kọ ọ́:

instance Semigroup Oro where
  Oro a <> Oro b = daOro (a <> b)

Òfin Semigroup ṣì dúró: bí ẹ bá kọ́kọ́ so a mọ́ b, tàbí b mọ́ c, ibì kan náà ni ẹ ó bá ara yín, nítorí pé NFC kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ ní. Owó rẹ̀ ni pé gbogbo ìsopọ̀ ń tún iṣẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fún mconcat ní ìtumọ̀ tirẹ̀ nínú Monoid, tí ó ń kó gbogbo Text jọ kí ó tó pe normalize lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti so pọ̀, ẹ jọ̀wọ́, mconcat ni kí ẹ lò.

Báwo ni a ṣe ń yọ àmì ohùn kúrò láìyọ àmì ìsàlẹ̀?

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ di NFD, kí gbogbo àmì lè dá dúró, ẹ yọ 768, 769 àti 772, ẹ fi 803 sílẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sí NFC. Ọ̀pọ̀ láíbìrì tí wọ́n kọ fún èdè Yúróòpù ń yọ gbogbo àmì pátá, ọ̀tá wa sì ni ìyẹn, torí ẹ àti e kì í ṣe lẹ́tà kan náà. Fún wíwá ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ lo fáǹkṣọ̀n yìí. Ẹ má ṣe fi èsì rẹ̀ rọ́pò ohun tí ẹni tí ó ni orúkọ kọ sílẹ̀.

Sort gbé «ẹja» sẹ́yìn «yàrá». Ṣé mo lè kọ instance Ord tuntun fún Text?

Rárá. Ord ti wà fún Text nínú láíbìrì text fúnra rẹ̀, GHC kò sì ní gba èkejì fún irú dátà kan náà. Ìlànà yìí lè dà bí ìnira, ṣùgbọ́n òun ni ó ń dáàbò bo Map àti Set: bí apá kan nínú ètò bá fi ìtò kan kó ọ̀rọ̀ sínú Map, tí apá mìíràn sì fi ìtò mìíràn wá a, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò di àwátì.

«Ẹja» bọ́ sẹ́yìn nítorí pé nọ́ńbà ni Ord ti Text ń wé, z kò sì ju 122 lọ nígbà tí ẹ jẹ́ 7865. Oro jẹ́ tiwa, nítorí náà a lè kọ Ord tirẹ̀ bí ó ti yẹ: ẹ lẹ́yìn e, gb lẹ́yìn g, ọ lẹ́yìn o, ṣ lẹ́yìn s. Ìtò kan náà ni CLDR, àkójọ ìlànà èdè tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú, kọ sílẹ̀ fún Yorùbá. Ohùn ni a fi ń ṣe ìpinnu nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí àwọn lẹ́tà bá ti bára dọ́gba. A kò gbọ́dọ̀ fo ìpele ohùn yìí, nítorí pé Ord kò gbọ́dọ̀ sọ EQ nípa ọ̀rọ̀ méjì tí Eq sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. «Igbá» àti «ìgbà» yóò gbé ara wọn ṣubú nínú Map bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì ṣe kọ instance fún kíláàsì tí kì í ṣe tiyín lórí irú dátà tí kì í ṣe tiyín. GHC yóò gbà á, pẹ̀lú ìkìlọ̀ -Worphans, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí láíbìrì méjì bá kọ irú rẹ̀, ẹni tí ó nílò àwọn méjèèjì pọ̀ kò ní ọ̀nà àbáyọ.

Fáǹkṣọ̀n mi gba Int àti Double nínú GHCi, ibi tí a ti ń tẹ kóòdù tí èsì rẹ̀ sì ń jáde lójú ẹsẹ̀. Nínú fáìlì, ó kọ Double. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó dájú pé ẹ kọ ohun kan bí aropo = (+), láìkọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ìlànà Haskell sọ pé orúkọ tí a kò kọ ohun tí ó ń gbà (argument) sí apá òsì, tí a kò sì kọ irú rẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́ fún oríṣiríṣi irú dátà bí kíláàsì bíi Num bá wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà gbọ́dọ̀ mú irú kan ṣoṣo. Bí kò bá sí ibì kan nínú module náà tí ó tọ́ ọ sọ́nà, Integer ni ó ń mú, module mìíràn tí ó bá fẹ́ lò ó fún Double yóò sì bá ilẹ̀kùn títì. GHCi ti pa ìlànà yìí láti ẹ̀dà 7.8, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ìyàtọ̀. Ẹ kọ aropo :: Num a => a -> a -> a sí òkè rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Nínú láíbìrì wa, gbogbo ohun tí ó bá ń jáde síta gbọ́dọ̀ ní irú tirẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, -Wall sì ń rán wa létí. Ohun tí ó jọ èyí tún wà: bí ẹ bá tan àfikún TypeFamilies tàbí GADTs, GHC kò ní jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fáǹkṣọ̀n inú where ṣiṣẹ́ fún oríṣiríṣi irú dátà mọ́ fúnra rẹ̀. Kóòdù tí ó ń ṣiṣẹ́ lánàá lè kọ̀ lónìí nítorí ìlà kan ṣoṣo lókè fáìlì. Kíkọ irú sílẹ̀ ni oògùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Mo tan OverloadedStrings, length "ẹ̀kọ́" sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Láti GHC 7.10 ní 2015 ni length ti di ti gbogbo Foldable (kíláàsì àwọn irú dátà tí ó ń kó nǹkan jọ), OverloadedStrings sì mú kí ohun tí ó wà láàárín àmì ọ̀rọ̀ lè jẹ́ irú dátà tó pọ̀. Kọ̀ǹpáílà kò mọ èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ sọ fún un: T.length, tàbí kí ẹ kọ irú ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wáyé nínú fáìlì ńlá, mẹ́mórì sì ń tán.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò. Haskell kì í ṣe ìṣirò títí tí ẹnì kan yóò fi béèrè èsì rẹ̀. Bí ẹ bá lo foldl, àròpọ̀ tí a kò tíì ṣe yóò máa gorí ara wọn. Kọ̀ǹpáílà sábà máa ń rí i fúnra rẹ̀ bí a bá lo -O, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú GHCi, nítorí náà ẹ má ṣe gbójú lé e. Ẹ lo foldl', tí ó ti wà nínú Prelude láti GHC 9.10, tí ó sì wà nínú Data.List ṣáájú ìyẹn.

Èkejì, foldl' ń ṣe ìṣirò dé òde Map nìkan. Iye tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣì jẹ́ +1 tí ó to gèlètè lé ara wọn lórí bí ẹ bá lo Data.Map lásán. Data.Map.Strict ni ó ń ṣe ìṣirò iye kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù láti rí. T.words kì í da ọ̀rọ̀ kọ sí ibòmíràn: apá kan nínú fáìlì àtilẹ̀wá ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Bí ẹ bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú Map, gbogbo fáìlì ni ẹ fi pamọ́ sínú mẹ́mórì pẹ̀lú rẹ̀. T.copy ni ó ń yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lára fáìlì.

Wọ́n tún máa ń béèrè bóyá text 2.0, tí ó kúrò ní UTF-16 bọ́ sí UTF-8 ní 2021, dín àyè tí ọ̀rọ̀ wa ń gbà kù. Ó sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. «Abuja» wá sílẹ̀ láti báìtì 10 sí 5. «Ẹ̀kọ́» gòkè láti 10 sí 11, nítorí pé ẹ àti ọ ń gba báìtì mẹ́ta mẹ́ta, àmì ohùn sì ń gba méjì méjì. Èrè tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé fáìlì àti íntánẹ́ẹ̀tì ń lo UTF-8 tẹ́lẹ̀, kò sì sí ìyípadà kankan láàárín mọ́.

Fáǹkṣọ̀n tí mo kọ sínú láíbìrì yára, ṣùgbọ́n ó lọ́ra nígbà tí a pè é láti ibòmíràn.

Bí ó bá ń gba kíláàsì, bíi Ord a, ẹ fi àṣẹ INLINABLE sí i fún kọ̀ǹpáílà. Láìsí èyí, GHC sábà máa ń fi fáǹkṣọ̀n tí ó tóbi sílẹ̀ nínú module rẹ̀, ẹni tí ó bá pè é kò sì lè ṣe ẹ̀dà tí ó bá irú dátà tirẹ̀ mu.

Ìgbà tí mo lo GHC tuntun, kóòdù tí kò ní àṣìṣe wá ní àṣìṣe. Ta ni ó jẹ̀bi?

Kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Haskell ń tún àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe láti ìgbà dé ìgbà. GHC 7.10 sọ Applicative di dandan fún gbogbo Monad. GHC 8.4, ní 2018, sọ Semigroup di dandan fún gbogbo Monoid. GHC 8.8 yọ fail kúrò nínú Monad. GHC 9.0 kò gba àwọn fáǹkṣọ̀n kan tí irú wọn ní forall ní àárín mọ́ bí a kò bá kọ ohun tí wọ́n ń gbà jáde, ó fẹ́ \x -> f x níbi tí a ti ń kọ f tẹ́lẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù fún yín láti tún kọ, DeepSubsumption wà láti 9.2.4.

Láíbìrì base ń yí ẹ̀dà padà pẹ̀lú GHC: 4.18 bá 9.6 wá, 4.20 bá 9.10 wá. Ẹ kọ ibi tí ẹ dé sínú fáìlì .cabal, bíi base >=4.18 && <4.21, kí ètò Cabal má ṣe gbìyànjú ẹ̀dà tí ẹ kò dán wò rí. Nínú PVP, ìlànà nọ́ńbà ẹ̀dà tí Hackage, ibi tí a ń kó láíbìrì Haskell sí, ń lò, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà ńlá: bí ẹ bá yọ fáǹkṣọ̀n kan kúrò tàbí yí irú rẹ̀ padà, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ gòkè. Bí ẹ bá fi ohun tuntun kún un lásán, nọ́ńbà kẹta ni kí ẹ gbé sókè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Ẹni tí ó bá fọkàn tán nọ́ńbà yín kò ní tún ka gbogbo kóòdù yín kí ó tó gba ẹ̀dà tuntun.

Báwo ni ẹ ṣe ń dán an wò?

QuickCheck ni, tí Koen Claessen àti John Hughes gbé jáde ní 2000. A kì í fún un ní àpẹẹrẹ, òfin ni a ń fún un, òun ni yóò sì dá àpẹẹrẹ sílẹ̀: pé pípe daOro lẹ́ẹ̀mejì kò yàtọ̀ sí pípè é lẹ́ẹ̀kan, pé <> bá òfin rẹ̀ mu, pé yíyọ ohùn kúrò kò yí iye lẹ́tà padà. Ṣùgbọ́n àwọn àmì tí QuickCheck ń mú fúnra rẹ̀ kì í sábà pa lẹ́tà àti àmì ohùn pọ̀, gbogbo òfin wa sì lè yege láìjẹ́ pé ó fojú kan ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. A kọ ìpèsè tiwa, tí ó ń mú fáwẹ̀lì, tí ó sì ń yan ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a sọ lókè láti fi kọ ọ́.

Iná kì í dúró, dátà sì wọ́n. Ṣé mo lè ṣe iṣẹ́ yìí láti ilé?

Ẹ lè ṣe é. GHC nìkan ń gba ju gígábáìtì kan lọ lórí dísìkì, nítorí náà ẹ fi GHCup, ètò tí ń gbé GHC àti Cabal wọlé, gbé e wọlé níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára. Ẹ kọ cabal build --only-download níbẹ̀ pẹ̀lú, kí gbogbo ohun tí láíbìrì náà nílò lè wà nílẹ̀ kí ẹ tó padà sílé. Fáìlì tí cabal freeze ń ṣe yóò jẹ́ kí gbogbo wa máa lo ẹ̀dà kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ohun kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, láíbìrì tí a ti kọ́ parí wà nínú àpamọ́ Cabal, a kò ní tún un kọ́.

Bí mẹ́mórì bá kéré, ẹ lo -j1 àti -O0 nígbà tí ẹ bá ń kọ́ kóòdù lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ irú dátà nìkan ni ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ghc -fno-code yóò fún yín ní àṣìṣe láìkọ́ ohunkóhun, bátìrì yóò sì pẹ́ sí i.

Mo ti ṣe tán láti gbé apá tèmi lọ sí Hackage. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ pe cabal check, kí ẹ sì tún gbogbo ohun tí ó bá sọ ṣe. Ẹ pe cabal haddock, kí ẹ ka àlàyé náà bí àlejò. Lẹ́yìn náà, cabal upload láìfi --publish sí i yóò gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí olùdíje, tí gbogbo wa lè wò, tí a sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìjápọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni méjì nínú wa, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì lójoojúmọ́. Ẹ̀dà tí a bá ti fi --publish gbé jáde kò ṣeé pààrọ̀ mọ́: a lè tún ààlà ẹ̀dà inú .cabal rẹ̀ ṣe, a sì lè kọ ọ́ sí i pé kí ènìyàn má lò ó mọ́, ṣùgbọ́n kóòdù inú rẹ̀ yóò wà bẹ́ẹ̀ títí, nítorí pé ẹlòmíràn lè ti kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ lé e lórí.